Ìyàsọ́tọ̀ àti Ìsémọ́: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Méjì nínú Ìtàn Àjàkálẹ̀ Àrùn ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Ní ọdún 2020, nígbà tí àwọn ilé-ìwé tún ṣí lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tí àrùn kòrónà fi tì wọ́n pa, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ àròkọ lórí ohun tí ojú wọn rí nílé. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé wọ́n ya bàbá òun sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14. Awakọ̀ ni bàbá náà. Ọ̀kan nínú àwọn èrò tí ó gbé ni àrùn náà mú. Bàbá fúnra rẹ̀ kò ṣàìsàn rárá, kò tilẹ̀ sín. Nítorí pé àròkọ náà dára, mo ní kí ó kà á sí etí ìgbọ́ gbogbo kíláàsì. Bí ó ti kà á tán ni àwọn tí wọ́n jókòó tì í bẹ̀rẹ̀ sí í fa àga wọn sẹ́yìn. Nígbà tí mo pè é lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ó ní irú rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá àwọn. Láti ọjọ́ tí ìròyìn ti tàn ládùúgbò pé wọ́n ya bàbá òun sọ́tọ̀, odidi oṣù kan ni ẹnikẹ́ni kò fi ra gààrí lọ́wọ́ ìyá òun.

Mo mú àròkọ náà, mo tún un kà. N kò rí àṣìṣe kankan nínú gbólóhùn ọmọ náà. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ǹ bá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ká ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́ ni, ọ̀rọ̀ méjì ni ì bá wà níwájú rẹ̀ tí yóò yan ọ̀kan nínú wọn: 'isolation' àti 'quarantine'. Èyí tí ó bá sì yàn ni yóò fi ye òǹkàwé bóyá ara bàbá rẹ̀ yá tàbí kò yá. Èdè Yorùbá tí a fi kọ́ ọ kò fi ọ̀nà méjì hàn án. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyàsọ́tọ̀, ni a fi ń túmọ̀ méjèèjì.

Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, láti tọpa ìtàn wọn dé ilẹ̀ wa, àti láti dábàá ohun tí àwa olùkọ́ lè ṣe sí i.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì

Ẹni tí àìsàn ti hàn lára rẹ̀, tàbí tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé àrùn wà lára rẹ̀, ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń ṣe 'isolation' fún. Wọn yóò mú un kúrò láàárín àwọn tí ara wọn le, wọn yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ níbi tí ó wà títí tí kò fi ní lè kó àrùn náà ran ẹlòmíràn mọ́. Ẹni tí a ń ṣe 'quarantine' fún kì í ṣe aláìsàn. Ó lè jẹ́ pé ó ti fara kan aláìsàn, tàbí pé ibi tí àjàkálẹ̀ àrùn wà ni ó ti ń bọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè búra pé àrùn wà lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè búra pé kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, a ó dá a dúró síbì kan, a ó máa ṣọ́ ọ títí iye ọjọ́ tí àrùn náà lè fi lúgọ sínú ara yóò fi pé.

Ìlúgọ yìí ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe ọjọ́ tí àrùn bá wọ ara ni ó ń fojú hàn. Àrùn kòrónà lè lúgọ fún ọjọ́ 2 sí 14. Ti Ẹ̀bólà lè tó ọjọ́ 2 sí 21. Ti ṣọ̀pọ̀ná a máa tó ọjọ́ 7 sí 19. Tí iye ọjọ́ yìí bá kọjá tí nǹkan kan kò sì ṣe ẹni tí a ń ṣọ́, a ó jẹ́ kí ó máa lọ sílé rẹ̀. Tí àìsàn bá sì yọjú, a ó gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn. Èyí fi hàn pé ẹni kan náà lè ti inú ipò kan bọ́ sí èkejì, ṣùgbọ́n kò lè wà nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí ó bá ń sin adìẹ yóò tètè mọ ohun tí mò ń wí. Bí a bá ra adìẹ tuntun lọ́jà ní ìgbà ọyẹ́ tí àrùn ń pa adìẹ, ọlọ́gbọ́n kì í dà á mọ́ àwọn tí ó wà nílé lójú ẹsẹ̀. Yóò sé e mọ́ inú àgò fún ọjọ́ díẹ̀ ná. Adìẹ inú àgò yìí lè máa jẹ àgbàdo rẹ̀ kí ó máa kọ. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan nínú àwọn ti ilé bá ti sorí kọ́, tí ìyẹ́ rẹ̀ sì ti ṣù, kíákíá ni a ó mú un kúrò láàárín àwọn yòókù. Ohun tí a ṣe fún adìẹ àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí ohun tí a ṣe fún èkejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a yọ àwọn méjèèjì kúrò nínú agbo.

Orísun àwọn ọ̀rọ̀ náà

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni a kà wọ́n sí, ilẹ̀ Ítálì ni àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ṣẹ̀ wá. Láàárín ọdún 1347 sí 1351, àjàkálẹ̀ àrùn ńlá kan jà ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì pa ènìyàn lọ bí ewé. Kò tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ní ọdún 1377, ìlú Ragusa, tí ó ń jẹ́ Dubrovnik lónìí ní orílẹ̀-èdè Croatia, ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ibi tí àrùn wà wá kò gbọdọ̀ wọ ìlú àfi tí ó bá kọ́kọ́ lo oṣù kan ní ibòmíràn. Nígbà tí ó yá, ọgbọ̀n ọjọ́ di ogójì ọjọ́ ní Venice àti ní àwọn èbúté mìíràn. 'Quaranta' ni ogójì ní èdè àwọn ará Ítálì. Láti ibẹ̀ ni 'quarantine' ti jáde.

Ní ti 'isolation', erékùṣù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. 'Insula' ni èdè Látìnì ń pe ilẹ̀ tí omi yí ká. 'Isola' ni ó dà lẹ́nu àwọn ará Ítálì. Ẹni tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti dà bí ilẹ̀ tí omi yí ká, tí a kò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé.

Ìlú Venice ya ìyàtọ̀ náà sórí ilẹ̀ kí ó tó di ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ní ọdún 1423, wọ́n ya erékùṣù kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn mú. Ní ọdún 1468, wọ́n ya erékùṣù kejì sọ́tọ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò àti ẹrù ọkọ̀ tí wọ́n ń fura sí. Wọn kò kó aláìsàn àti ẹni ìfura sí ojú kan náà, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí a bá kó wọn pọ̀, ẹni tí kò ní àrùn yóò ní in kí ilẹ̀ tó mọ́.

Òǹkàwé lè béèrè pé ṣé ogójì ọjọ́ ni a ń lò lónìí? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Orúkọ náà ni ó dúró, iye ọjọ́ ti yí padà. Irú rẹ̀ wà ní èdè tiwa. Ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, èyí tí a máa ń kà sí ọ̀rún. Lónìí ọjọ́ méje ni a ń pè ní ọ̀sẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń bá wa jà lórí rẹ̀.

Ìyàsọ́tọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá

Kì í ṣe àwọn òyìnbó ni ó kọ́ Yorùbá pé ó yẹ kí a mú aláìsàn kúrò láàárín ìlú. Ẹ̀yìn ìlú ni adẹ́tẹ̀ ń gbé. Bí ṣọ̀pọ̀ná bá mú ènìyàn, wọn yóò gbé e lọ sí ibi tí ó jìnnà sí agbo ilé. Ẹni tí ó ti ní in rí tí ó sì yè ni ó sábà máa ń tọ́jú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ti ní in lẹ́ẹ̀kan kì í ní in mọ́. Ìbẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ dé ibi pé wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ilẹ̀ẹ́gbóná, Olóde tàbí Ọbalúayé ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá pa ènìyàn, àwọn abọ̀rìṣà rẹ̀ ni yóò sin òkú náà sínú igbó, àwọn náà ni yóò sì kó ẹrù rẹ̀. Dókítà Ògúntọlá Sàpárà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ṣe iṣẹ́ ìṣègùn ní Èkó, wà lára àwọn tí ó bá àṣà yìí jà kíkankíkan. Ní ọdún 1917, ìjọba amúnisìn fi òfin de bíbọ Ṣọ̀pọ̀ná.

Òfin kò dá àrùn náà dúró. Ní ọdún 1920, ṣọ̀pọ̀ná pa David Ṣópólú Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọmọ rẹ̀, Ọbáfẹ́mi, tí a bí ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, ọdún 1909, kò ju ọmọ ọdún 11 lọ nígbà náà. Láti ìgbà náà ni ọmọ yìí ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wá owó ilé-ìwé. Ìgbà tí ó di ọdún 1970 ni a rí ṣọ̀pọ̀ná kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní ọdún 1980 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti parẹ́ ní gbogbo ayé.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Nínú gbogbo àṣà tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹni tí àrùn ti hàn lára rẹ̀ ni a ń yà sọ́tọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé 'wọ́n yà á sọ́tọ̀', igbó, ìsìnkú òru àti ẹrù tí a kó lọ ni ọkàn wa ń rò, kódà bí a kò bá mọ̀ pé òun ni a ń rò. Ọ̀rọ̀ náà ti ru ẹrù yìí láti ayébáyé. Ẹrù náà ni ó bọ́ lé ọmọ tí ó ka àròkọ rẹ̀ lórí.

'Quarantine' dé sí èbúté

Ọ̀nà òkun ni èkejì gbà dé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ òkun kan tí ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àwọn tí àrùn ìnfúlúẹ́ńsà ti mú. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, àrùn ti wọ ìlú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kúrò ní Èkó, àwọn mìíràn nítorí ìbẹ̀rù àrùn, àwọn mìíràn nítorí ìbẹ̀rù àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ń wọ ojúlé dé ojúlé. Bí wọ́n ti ń sá lọ ni wọ́n ń gbé àrùn náà lọ. Ó bá ọkọ̀ ojú irin dé Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti òkè Ọya. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1926, ìjọba amúnisìn ṣe òfin kan tí ó fi ọ̀rọ̀ náà 'quarantine' ṣe orúkọ. Abẹ́ òfin yìí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dúró sí nígbà tí ó ṣe ìlànà àrùn kòrónà ní ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2020. Láti ọdún 1926 di ọdún 2020 jẹ́ ọdún 94. Ní gbogbo àkókò yìí, a kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí Yorùbá yóò máa pè é.

Ọdún 2014 àti ọdún 2020

Ìyàtọ̀ tí à ń wí yìí gba ẹ̀mí là ní ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20, oṣù keje, ọkùnrin kan gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó láti orílẹ̀-èdè Làìbéríà. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ni ó fura, tí kò sì jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn. Àrùn náà pa òun náà ní ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ pín sí. Wọ́n ya àwọn tí àrùn mú sọ́tọ̀ ní Yàbá, wọ́n ń tọ́jú wọn. Wọ́n sì wá àwọn tí ó ti fara kàn wọ́n kàn, tí iye wọn sún mọ́ 900, wọ́n ń ṣọ́ wọn lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ènìyàn 20 péré ni ó ní àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 sì kú. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ní ọdún 2020, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan dé sí Èkó ní ìparí oṣù kejì, ó sì lọ sí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Ní ọjọ́ 27, oṣù kejì, àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn kòrónà ni ó ń ṣe é. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ sí ilé ìwòsàn ní Yàbá. Àwọn tí ó bá pàdé ní Ewékorò ńkọ́? Àwọn yìí kò ṣàìsàn. Ṣíṣọ́ ni wọ́n ń ṣọ́ wọn. Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹta, a kéde pé a rí àrùn náà lára ọ̀kan nínú wọn. Ọkùnrin yìí ni ẹnì kejì tí ó ní in ní Nàìjíríà. Inú ìṣọ́ ni ó wà tí a fi rí i, nítorí náà kò ráyè máa gbé e kiri ìlú. Ìròyìn Yorùbá tí ó bá wí pé 'wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀' nípa ará Ítálì náà àti nípa àwọn ará Ewékorò ti pa ìdajì ìtàn náà jẹ.

Ohun kẹta tún dé. Ààrẹ kéde ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, pé kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé fún ọjọ́ 14 ní Èkó, Àbújá àti Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọjọ́ 3, oṣù kẹrin, ni ti Ògùn bẹ̀rẹ̀. Oríta Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà Èkó, Ìbàdàn àti Ọrẹ ti pàdé, dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn tí ó jókòó sílé yìí kì í ṣe aláìsàn, wọn kì í sì í ṣe ẹni ìfura. Ìyẹn ni pé ipò mẹ́ta ni ó wà, ọ̀rọ̀ sì ń fò láti orí ọ̀kan sí èkejì.

Ọ̀rọ̀ wo ni kí a lò?

Ní ti ohun kẹta yìí, àwa ará Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú kò ní láti wá ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí Orò bá fẹ́ jáde, a ó kéde ìséde, ẹni tí kò yẹ kí ó wà níta yóò sì wọlé. Òde ni a sé. A kò bá ẹnikẹ́ni wí, a kò fura sí ẹnikẹ́ni. Àwọn oníròyìn tún ń lo kónílé-ó-gbélé, òun náà sì dára.

Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe 'sé' yìí ni mo ti rò pé a lè rí ọ̀rọ̀ tí ó sọnù náà: ìsémọ́. Ìséde sé òde mọ́ gbogbo ènìyàn. Ìsémọ́ sé ẹnì kan mọ́ ibì kan. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Bíbélì Yorùbá, tí ẹ̀dà rẹ̀ pípé jáde ní ọdún 1884, ti lo 'sé mọ́' nínú orí kẹtàlá ìwé Léfítíkù, fún ẹni tí àlùfáà ń fura sí pé ó ní ẹ̀tẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì dá a lójú. Ọjọ́ méje ni a ó fi sé e mọ́, lẹ́yìn náà a ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ti hàn gbangba lára rẹ̀ ni orí náà ní kí ó máa dá gbé lẹ́yìn ibùdó. Àwọn tí ó túmọ̀ ìwé náà rí ìyàtọ̀ tí àwa ń gbójú fò.

Ẹnì kan lè sọ pé ìsémọ́ ń rùn bí ẹ̀wọ̀n. N kò gbà bẹ́ẹ̀. 'Tì mọ́lé' ni ti ẹ̀wọ̀n, láti ibẹ̀ ni a ti rí àtìmọ́lé. Omi ni a máa ń sé. Omi tí a sé kò bàjẹ́, kò sì dẹ́ṣẹ̀. Ó ń dúró de ìgbà tí a ó ṣí i ni. Ẹlòmíràn lè sọ pé àwọn kan ti ń pe ìséde ní ìsémọ́lé. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyí tí ó fi yẹ kí àwa olùkọ́ tètè là á kí ó tó di bárakú.

Àbá mi nìyí: kí a fi ìyàsọ́tọ̀ sílẹ̀ fún aláìsàn nìkan, kí a lo ìsémọ́ fún ẹni tí à ń ṣọ́, kí a sì lo ìséde tàbí kónílé-ó-gbélé fún gbogbo ìlú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò kíyè sí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí àbọ̀ máa ń wọ àárín wọn ni 'yà sọ́tọ̀' àti 'sé mọ́': 'wọ́n ya aláìsàn sọ́tọ̀', 'wọ́n sé arìnrìn-àjò mọ́'. Bí ó bá bá 'isolation' àti 'quarantine' pàdé nínú àyọkà tí yóò túmọ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé: ṣé a ti mọ̀ pé ẹni yìí ní àrùn, àbí ìfura ni?

Ìkádìí

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti ṣe irú iṣẹ́ báyìí rí. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Èdè-ìperí àrùn àti ìlera nílò irú akitiyan kan náà, kí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn má ṣe bá wa láìmúra.

Kò yẹ kí a sá fún aláìsàn tí a yà sọ́tọ̀ náà. Ìtọ́jú ni ó gbà á lọ síbẹ̀, bí ó bá sì ti yá, ó ti di tiwa padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣàìsàn rárá kò yẹ kí ó jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ tí a kò rí lò. Àwọn àgbà ní ohun tí ó ń ṣe ogójì ni ó ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Ohun tí ó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Awakọ̀ tí ó gbé èrò lónìí lè jẹ́ bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa.

Mo ti dá ìwé àròkọ náà padà fún ọmọ yẹn tipẹ́. Kí n tó dá a padà, mo fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn kan nínú rẹ̀, mo sì kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 'Wọ́n sé bàbá mi mọ́ fún ọjọ́ 14, nǹkan kan kò sì ṣe é.' N kò yọ máàkì kankan, nítorí pé kì í ṣe òun ni ó ṣi ọ̀rọ̀ lò.